Ẹ́ńjìnnì ńlá nìkan kọ́

Sí Olóòtú,

Àpilẹ̀kọ yín lórí ríra katakata gba àgbẹ̀ orí òkè níyànjú pé kó ra èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára jù. Ọ̀rọ̀ náà kù díẹ̀ káàtó. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè bíi ti Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ewu tó burú jù ni kí katakata dojú dé. Èyí tí kò ga, tí táyà rẹ̀ jìnnà síra, ló yẹ ibẹ̀. Kó ní irin ààbò tí kò ní jẹ́ kó tẹ awakọ̀ pa, àti bẹ́líìtì tí yóò dè é mọ́jòókòó. Láti 1959 ni Sweden ti sọ irin yìí di dandan lórí katakata tuntun. Ẹ̀yin ò tilẹ̀ mẹ́nu bà á. Ẹni tó bá yè ló ń kórè.

Èmi ni,
Àgbẹ̀ kan, Ìpínlẹ̀ Èkìtì