Màrìwò Lára Mọ́tò Tó Ti Kú

  

Ìbéèrè kan wà tó ti ń tọ̀ mí wá láti bí ọdún méjì, ó sì ti tó ẹni márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó bi mí. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí: "Bàbá, mọ́tò kan kú sí àdúgbò wa, wọ́n wá so màrìwò mọ́ ọn. Ṣé a lè gbé e kúrò? Ògún ò ní bínú?" Ìyàwó ọmọ awo kan níbí ní Ṣakí ló béèrè kẹ́yìn. Ó ní àwọn ará àdúgbò, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, ti ní tiwa ni, pé kí àwa oníṣẹ̀ṣe wá gbé òrìṣà wa kúrò lójú títì. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ni mo fi ní kí n kọ èsì sílẹ̀ kí gbogbo ilé jọ kà á.

Mo lọ wo mọ́tò ọ̀hún. Bọ́ọ̀sì akérò ni. Táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jókòó sílẹ̀, koríko ti gba abẹ́ rẹ̀ yọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ti di ààtàn. Ọmọ mẹ́ta ni mo bá nínú rẹ̀, wọ́n ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Èkó láìkúrò lójú kan. Màrìwò tó wà níwájú rẹ̀ ti gbẹ, ó ti pọ́n bí ewé tábà.

A wá nọ́ńbà ẹni tó ni ín, a rí i. Mo bi í pé ta ló bá a bọ nǹkan níbẹ̀. Ẹ̀rín ló rín. Ó ní òun ò bọ nǹkan kan o, òun kàn so ó kí àwọn tó ń fi ọmọlanke ra irin àlòpatì kiri má bàa tú ẹ́ńjìnnì òun lóru ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ààlè nìyẹn. Ààlè yàtọ̀ sí ojúbọ. Bí àgbẹ̀ bá fi ìkarahun àti akísà kọ́ ọ̀pá sídìí iṣu rẹ̀, òun ń sọ fún olè pé kó má fọwọ́ kàn án ni. Kò sọ oko di ìgbàlẹ̀. Ojúbọ Ògún ní ẹni tó gbé e kalẹ̀, ó ní ohun tí wọ́n fi lélẹ̀, ó ní ẹni tó ń bọ ọ́ lọ́dọọdún. Màrìwò jẹ́ aṣọ Ògún lóòótọ́, àmọ́ bí èèyàn bá gbé aṣọ ọba kọ́ sórí igi, igi yẹn ò joyè.

Mo tún fẹ́ kí ẹ bá mi rò ó síwájú díẹ̀. Ìtàn tí gbogbo wa jọ mọ̀ ni pé nígbà tí àwọn òrìṣà ń bọ̀ wá sílé ayé, igbó dídí ni wọ́n bá pàdé. Ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn yòókù ò ràn án. Ògún ló fi irin tirẹ̀ là á, tí gbogbo wọn fi rí ibi gbà kọjá. Ẹni tó lànà fún irúnmọlẹ̀, ṣé irin tó dí ọ̀nà mọ́ aboyún tó ń rọbí lóru la ó wá pè ní ojúbọ rẹ̀? Ní ìlú tiwa, abẹ́ Òkè Asábárí níbí, tí a ti ń rọ ọkọ́ àti àdá, a mọ̀ pé irin kì í sùn. Èyí tó bá gbó, iná ló ń padà sí. Ọ̀pọ̀ ìkòkò alumíníọ̀mù tí ẹ fi ń se ọbẹ̀ nílé, písítìnì àti ẹ́ńjìnnì mọ́tò tó ti kú ni wọ́n yọ́ tí wọ́n fi dà á. Iṣẹ́ Ògún nìyẹn. Kí irin jókòó kó máa dípẹtà lójú títì kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n má lè sùn lórí ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, ọdún 2021, ní àdúgbò Jah-Michael, lọ́nà Àgbádárìgì ní ìpínlẹ̀ Èkó, ọmọ 8 ló kú nínú mọ́tò kan tó wà ní ìdúró. Eré ni wọ́n ń ṣe tí wọ́n fi wọ inú rẹ̀, ilẹ̀kùn há mọ́ wọn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Ọmọ mẹ́jọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Mo mọ ohun tí irú rẹ̀ ì bá dà ká ní ẹ̀gbẹ́ mọ́tò tó ní màrìwò lára ló ti ṣẹlẹ̀. Wọn ò ní sọ pé ooru ló pa wọ́n. Ọ̀dọ̀ wa ni wọn ì bá kọ́kọ́ sáré wá.

Ooru yẹn kì í ṣe kékeré. Bí oòrùn bá mú, láàárín ìṣẹ́jú 10 péré, inú mọ́tò tí a tì pa lè fi bí ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius gbóná ju ìta lọ, yóò sì máa lé sí i. Ara ọmọdé máa ń yára gbóná ní ìlọ́po 3 sí 5 ju ti àgbà lọ. Ẹ̀yin náà ẹ mọ oòrùn Òkè-Ògùn lóṣù Kẹta, mi ò ní wulẹ̀ ròyìn rẹ̀. Bí òjò bá sì wá dé, omi á dúró sínú táyà. Ẹ̀fọn tó ń jẹni lọ́sàn-án, tó ń gbé ibà pọ́njú kiri, fẹ́ràn táyà púpọ̀. Ẹyin rẹ̀ lè wà nínú táyà gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí omi ṣáà ti dé ibẹ̀ ló ń dúró dè. Ẹ má gbàgbé pé ìpínlẹ̀ Kwara, tó múlé gbè wá yìí, ni ibà pọ́njú ti tún yọjú lọ́dún 2017.

Kí ló wá dé tí olówó mọ́tò ò tà á? Owó ni. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kínní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni má gbé mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Àwa tí a múlé ti Bẹ̀nẹ̀ mọ bó ṣe dùn wá tó. Nígbà tó di 2023, náírà tún já wálẹ̀, tòkunbọ̀ wá di ohun tí ojú ń rí tí ọwọ́ ò tó. Ẹni tí tirẹ̀ kú á máa rò pé lọ́jọ́ kan òun á tún un ṣe. Mo bá a kẹ́dùn. Kó gbé e sínú ọgbà rẹ̀ kó máa rò ó níbẹ̀.

Ní ti bọ́ọ̀sì yìí, olówó rẹ̀ gbà lórí fóònù pé ká tú màrìwò. Mo pe àgbà alágbẹ̀dẹ kan, a fi omi tútù wọ́lẹ̀, a da obì, obì yàn, a tú u. Kò gbà wá tó ìṣẹ́jú 15. Bó bá jẹ́ mọ́tò tó ti pa èèyàn ni, ẹ da Ifá kí ẹ mọ ohun tí Ògún fẹ́ gbà. Ó lè má ju iṣu sísun, epo, ẹmu àti àkùkọ lọ. Awo tó bá ní kí ẹ kó ewúrẹ́ mẹ́ta wá, ẹ ní kó tẹ odù rẹ̀ sílẹ̀ lójú yín, kó sì kì í kí gbogbo ilé gbọ́. (Mo mọ̀ pé àwọn kan á bá mi jà lórí èyí.)

Bí ẹ ò bá rí olówó rẹ̀, ẹ má tà á, ẹ má sì dáná sun ún. Olè ni òfin ń pe èyí àkọ́kọ́, ìkejì sì lè ran ilé. Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ fún ọlọ́pàá, kí wọ́n yẹ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò bóyá mọ́tò tí wọ́n jí ni. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí káńsù, kí baálé ilé bíi mẹ́fà fọwọ́ sí i, ti ẹ̀sìn yòówù. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ló fi kíkó ìdọ̀tí àti títún òpópónà ṣe sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà náà.

Kó tó kúrò níbẹ̀, ẹ bẹ olówó rẹ̀ kó ti gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, títí kan búùtù, tàbí kó jẹ́ kí mẹkáníìkì tú wọn kúrò pátápátá. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan bátìrì rẹ̀, ásíìdì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi yèèpẹ̀ kún inú táyà kí omi má dúró. Bí ẹ bá sì wá ọmọ kù nínú ilé, ẹ sáré yẹ kànga wò, kí ẹ yẹ gbogbo mọ́tò tó wà ní ìdúró nítòsí wò, pẹ̀lú búùtù wọn, kí ẹ tó wá bá mi pé kí n dá Ifá.