Ṣé lóòótọ́ ni ìjọba Tinubu yá N37 tírílíọ̀nù láàárín oṣù kan? Bí ẹ ṣe lè ka ìròyìn nípa gbèsè Nàìjíríà

Bí ẹ bá ń lo WhatsApp tàbí Facebook, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí àríyànjiyàn lórí gbèsè tó wà lọ́rùn Nàìjíríà. Àwọn kan á ní ìjọba ti yáwó kọjá ààlà. Àwọn alátìlẹ́yìn ìjọba á ní irọ́ ni, pé ṣe ni gbèsè náà ń dínkù. Tọ̀tún-tòsì wọn ló sì lè fa nọ́ńbà yọ láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba kan náà, ìyẹn DMO, tó ń bójú tó gbèsè orílẹ̀-èdè yìí, tó sì máa ń gbé iye rẹ̀ jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Ẹ ò jẹ̀bi bí inú bá ń bí yín. Epo bẹntiróòlù ti gbówó lórí látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní 2023, oúnjẹ ti wọ́n, owó ọkọ̀ ti lọ sókè, síbẹ̀ a tún ń gbọ́ pé wọ́n fẹ́ lọ yáwó sí i. Àmọ́ bí a bá gbé ẹ̀sùn gba ibi tí kò yẹ, àwọn tó yẹ kó dá wa lóhùn á rí ibi sá sí. Ẹ jẹ́ ká gbé àwọn nọ́ńbà náà yẹ̀wò.

Láti N49.85 tírílíọ̀nù sí N87.38 tírílíọ̀nù

Ní ìparí oṣù Kẹta 2023, gbèsè ìjọba àpapọ̀, ti àwọn ìpínlẹ̀ 36 àti ti Àbújá lápapọ̀ jẹ́ N49.85 tírílíọ̀nù. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù Kẹfà ọdún náà, ó ti di N87.38 tírílíọ̀nù. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ni Bola Tinubu gba ìjọba lọ́wọ́ Muhammadu Buhari. Ẹni tó bá wo èyí lè sọ pé ìjọba tuntun yá N37.53 tírílíọ̀nù láàárín oṣù kan péré.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun méjì ló wà nídìí rẹ̀.

Èkíní, N22.71 tírílíọ̀nù nínú owó yìí ni ìjọba Buhari ti gbà lọ́wọ́ báǹkì àpapọ̀, CBN, tó sì ti ná tán. Ways and Means ni wọ́n ń pe irú owó bẹ́ẹ̀. Ó dà bí òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tíì wọlé, tó wá bẹ báǹkì pé kó fún òun lówó ná, pé òun á dá a padà tówó bá dé. Òfin CBN ti ọdún 2007, abala 38, sọ pé owó náà kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ìjọba àpapọ̀ lọ́dún tó ṣáájú, àti pé ìjọba gbọ́dọ̀ san án kí ọdún tó parí. Wọn kò tẹ̀lé òfin yìí. Owó náà ń gorí ara wọn lọ́dọọdún, kò sì hàn nínú iye gbèsè tí DMO ń gbé jáde. Ní oṣù Karùn-ún 2023, nígbà tí ìjọba Buhari ń palẹ̀ mọ́, àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i pé kí wọ́n sọ ọ́ di gbèsè ogójì ọdún, pẹ̀lú èlé ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Lẹ́yìn èyí ló tó wọnú ìwé gbèsè.

Èkejì ni pàṣípààrọ̀ owó. Gbèsè tí a jẹ nílẹ̀ òkèèrè kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i láàárín oṣù mẹ́ta yẹn: ó kúrò ní $42.67 bílíọ̀nù, ó di $43.16 bílíọ̀nù. Ṣùgbọ́n ní àárín oṣù Kẹfà, CBN jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà. Dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bíi N460 ní ìparí oṣù Kẹta di nǹkan bíi N770 ní ìparí oṣù Kẹfà. Nítorí náà, gbèsè òkèèrè tó jẹ́ N19.64 tírílíọ̀nù di N33.25 tírílíọ̀nù. N13.61 tírílíọ̀nù ló fi lé, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe owó tuntun tó wọ àpò ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá yọ méjèèjì kúrò nínú N37.53 tírílíọ̀nù, ohun tó kù ni N1.21 tírílíọ̀nù. Ìyẹn ni gbèsè abẹ́lé fi lé ní oṣù mẹ́ta, abẹ́ ìjọba Buhari sì ni nǹkan bí oṣù méjì bọ́ sí nínú rẹ̀.

Ṣé gbèsè wá ti dínkù ni?

Ẹ tún lè rí àwọn tó ń sọ pé gbèsè Nàìjíríà kúrò ní $113.42 bílíọ̀nù ní oṣù Kẹfà 2023, tó sì wálẹ̀ sí $94.23 bílíọ̀nù ní oṣù Kejìlá 2024. Òótọ́ ni nọ́ńbà méjèèjì. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò tọ̀nà.

Láàárín àkókò kan náà, gbèsè abẹ́lé lọ láti N54.13 tírílíọ̀nù sí N74.38 tírílíọ̀nù. Gbèsè òkèèrè náà lọ láti $43.16 bílíọ̀nù sí $45.78 bílíọ̀nù. Méjèèjì ló pọ̀ sí i. Ó wá dà bíi pé ó dínkù torí pé wọ́n ṣẹ́ gbèsè tí a fi náírà jẹ sí dọ́là, nígbà tí dọ́là kan ti di nǹkan bíi N1,535. Náírà ló dínkù, gbèsè kò dínkù. Bí ẹ bá ka gbogbo rẹ̀ ní náírà, N144.67 tírílíọ̀nù ni lópin ọdún 2024.

Irú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àjọ IMF. Òótọ́ ni pé ní oṣù Kẹrin 2025, Nàìjíríà san $3.4 bílíọ̀nù tó yá lọ́wọ́ àjọ náà nígbà àrùn kòrónà ní 2020 tán. Ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé a ti bọ́ nínú gbèsè. Báǹkì Àgbáyé, àwọn tó ra Eurobond wa àti orílẹ̀-èdè Ṣáínà ṣì ń retí owó wọn.

Ibi tó ti kàn yín

Àwọn aláṣẹ sábà máa ń sọ pé gbèsè wa kò pọ̀ tí a bá fi wé ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè yìí lápapọ̀. Àmọ́ bí ìyá aláṣọ kan ní ọjà Wúsè bá jẹ gbèsè, ẹ ò ní fi gbogbo ọjà tó wà ní Wúsè wọn gbèsè rẹ̀. Owó tó ń wọlé fún òun fúnra rẹ̀ lẹ máa wò.

Nínú àbá ìṣúná 2025 tí Ààrẹ Tinubu gbé síwájú àwọn aṣòfin ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 2024, ìjọba fẹ́ ná N47.90 tírílíọ̀nù. Gbèsè nìkan máa gba N15.81 tírílíọ̀nù nínú rẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi N33 nínú N100 kọ̀ọ̀kan. Ètò ẹ̀kọ́ gba N3.52 tírílíọ̀nù, ètò ìlera gba N2.48 tírílíọ̀nù. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, kò tó ìdajì owó gbèsè. Owó tó sì máa wọlé kò tó, nítorí náà àlàfo N13.08 tírílíọ̀nù wà níbẹ̀, tó jẹ́ pé yíyá ni wọ́n máa yá èyí tó pọ̀ jù láti fi dí i. Nígbà tí ìṣúná náà fi máa di òfin, àpapọ̀ rẹ̀ ti di N54.99 tírílíọ̀nù, owó gbèsè sì jẹ́ N14.32 tírílíọ̀nù.

Kí ẹ tó fi ìròyìn gbèsè ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin. Ṣé náírà ni wọ́n fi ka á ni àbí dọ́là? Ṣé ti ìjọba àpapọ̀ nìkan ni, àbí ti gómìnà yín náà wà níbẹ̀? Ṣé owó tuntun ni, àbí gbèsè àtijọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú ìwé? Kí ni wọ́n fi owó náà ṣe?

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ní oṣù Kejì 2024, Ilé Aṣòfin Àgbà gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí bí wọ́n ṣe ná owó Ways and Means. Ohun tó yẹ kí ẹ máa bi sẹ́nétọ̀ yín nìyẹn: níbo ni àbọ̀ rẹ̀ wà?

Ìgúnlẹ̀

Kì í ṣe òótọ́ pé ìjọba Tinubu yá N37 tírílíọ̀nù láàárín oṣù kan. Ọ̀rọ̀ pé gbèsè Nàìjíríà ti dínkù náà ń ṣini lọ́nà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nínú ọ̀rọ̀ N22.71 tírílíọ̀nù yìí, tí a bá ka ogójì ọdún láti 2023, ọdún 2063 ni. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ló máa ru igbá náà.