Eyín tó ń wọlé láìkanlẹ̀kùn

Àwọn àgbà ní funfun niyì eyín. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iyì eyín kò pin síbẹ̀. Eyín a máa sọ ọjọ́ orí ẹni, kódà lẹ́yìn tí ẹni tó ni ín bá ti kú tipẹ́.

Ní ìparí ọdún 1924, wọ́n gbé agbárí ọmọdé kan tó há sínú òkúta wá fún Raymond Dart, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Witwatersrand nílùú Johannesburg. Taung, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ni wọ́n ti rí i. Ọmọ náà ti kú láti ohun tó lé ní mílíọ̀nù 2 ọdún; ìbátan ènìyàn àtijọ́ ni. Eyín ọmọdé rẹ̀ pé sẹ́nu, èrìgì àgbà àkọ́kọ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn wọn.

Nítorí pé nǹkan bí ọdún 6 ni èrìgì yìí ń yọ fún ọmọ tiwa, wọ́n ní ọmọ Taung náà tó ọdún 6. Eyín kò purọ́, àwọn tó kà á ni kò tíì mọ̀ ọ́n kà tán. Bí ẹni ń mọ ògiri ni ara ṣe ń mọ eyín, ipele lé ipele, ìlà tín-ín-tín sì ń kù lára rẹ̀. Ní 1985, Timothy Bromage àti Christopher Dean ka irú ìlà bẹ́ẹ̀, ó sì hàn pé àwọn ẹ̀dá ìgbà náà ń yára dàgbà jù wá lọ. Ọmọ Taung kò ju bí ọdún 3 sí 4 lọ.

Èrìgì kan náà yìí ló ń ṣi àwọn òbí lọ́nà lónìí. Eyín ọmọdé jẹ́ 20, tàgbà jẹ́ 32. Bí eyín iwájú bá yọ, gbogbo ilé ló ń mọ̀. Ọmọ á jù ú sórí òrùlé, á ní kí alángbá má rí i. Ṣùgbọ́n èrìgì ọlọ́dún 6 kì í lé eyín kankan jáde. Ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé, 2 lókè, 2 nísàlẹ̀. Bí ìyá bá rí ihò dúdú lára rẹ̀, á ní, “Eyín ọmọdé ni, yóò pààrọ̀.” Kò ní í pààrọ̀ mọ́ láé!

Èèpo funfun tó bo eyín ló le jù lọ nínú ara wa. Abẹ́ rẹ̀ ni apá tó dà bí egungun wà. Inú lọ́hùn-ún ni ẹran rírọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, ibẹ̀ ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Egungun tó kán a máa so padà, ojú ọgbẹ́ a sì máa jiná. Èèpo eyín kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ ọ́n ti túká kí eyín tó yọ síta. Ohun tí ṣúgà àti kòkòrò ẹnu bá jẹ níbẹ̀, ó jẹ ẹ́ gbé ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ti ń súnmọ́ ọdún 6, ẹ ní kó lanu, kí ẹ wo kọ̀rọ̀. Ẹ rí i pé ó ń fọ ibẹ̀ láàárọ̀ àti kó tó sùn. Bí ẹ bá rí ihò, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín kíákíá. Èrìgì yẹn ni yóò fi jẹun dọjọ́ alẹ́.