Ìdájọ́ Lórí Eré Ẹlẹ́ẹ̀kejì

Ó ṣòro kí ènìyàn rin àdúgbò kan já ní Mushin, ní Surulere, tàbí ní Yaba, kí ó má rí ṣọ́ọ̀bù géèmù kan, ó kéré tán. Yàrá kékeré ni irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Wọn a ta aṣọ bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn má baà pa ti tẹlifíṣọ̀n. Jẹnẹrétọ̀ a máa dún ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ọmọkùnrin a tò lórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tí ó ti sanwó a di páàdì mú, ẹni tí kò tí ì kàn a sì máa kọ́ ọ bí yóò ti ṣe é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó bi í léèrè. Eré bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ yóò gbọ́ ohun mìíràn tí ó ju ariwo bọ́ọ̀lù lọ. Yóò gbọ́ ìdájọ́.

Bí àwọn ìjòyè ti í dá ẹjọ́ ilẹ̀ ni àwọn ọmọ wọ̀nyí í dá ẹjọ́ géèmù. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wí fún ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù pé, “Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi Mirror's Edge Catalyst sí i,” kì í pẹ́ tí òmíràn yóò fi dáhùn láti ẹ̀yìn pé, “Èwo? Èyí tí gbogbo ayé ti ní kò tó ti àkọ́kọ́?” Bí wọ́n bá sì bi olóhùn ẹ̀yìn yìí bí òun fúnra rẹ̀ ti gbá a rí, yóò ní òun kò gbá a, ṣùgbọ́n òun mọ máàkì tí wọ́n fún un. Lórí máàkì yìí ni ọ̀rọ̀ wà.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kò mọ géèmù, ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀. Ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Lisses, ní ìgbèríko Paris, ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tí David Belle jẹ́ gbajúmọ̀ láàrin wọn, ti sọ sísáré, fífò àti gígun ògiri di iṣẹ́ ọnà, ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1980. Parkour ni wọ́n ń pe eré náà. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kì í yà fún ohun ìdènà. A gùn ún, a fò ó, tàbí kí ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọgbọ́n yìí ni ilé iṣẹ́ DICE ti ilẹ̀ Sweden gbé wọ inú géèmù, tí ilé iṣẹ́ Electronic Arts ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì gbé e jáde ní ọdún 2008, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Mirror's Edge. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Faith ni akọni inú rẹ̀. Asárétete ajíṣẹ́ ni. Ní ìlú tí ìjọba ti ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń bá ara wọn sọ, orí òrùlé ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà gbé iṣẹ́ láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ohun tí ó sọ géèmù náà di ọ̀tọ̀ ni ojú tí a fi ń wò ó. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù tí fífò wà nínú wọn, ẹ̀yìn akọni ni ènìyàn máa ń wò, bí ẹni tí ń wo eégún láti òkèèrè. Nínú èyí, ojú Faith ni ojú ẹni tí ń gbá a. Kò ní í rí ju ọwọ́ méjì tí ń jù síwájú sẹ́yìn, àti ẹsẹ̀ tí ó ta jáde nígbà tí ó bá fò. Bí ó bá wo ìsàlẹ̀ láti orí ilé gogoro, òòyì a fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́ ọ. Bí ó bá jábọ́, afẹ́fẹ́ ni yóò máa gbọ́ létí títí yóò fi kan ilẹ̀. Funfun báláú ni ọ̀pọ̀ ilé inú ìlú náà, ohun tí ó bá sì pọ́n lójú ọ̀nà ni ó ń júwe ibi tí ó yẹ kí ènìyàn gbà. Àwọn lámèyítọ́ yin àrà tuntun yìí. Wọ́n sì bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn ohun mìíràn: wọ́n ní ó kúrú, wọ́n ní ìjà inú rẹ̀ kò dán mọ́rán, wọ́n ní ìbọn tí wọ́n fi sí i kò bá ìyókù mu.

Ọdún mẹ́jọ kọjá kí wọ́n tó rí òmíràn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016 ni Mirror's Edge Catalyst jáde. Kì í ṣe pé ó gba ìtàn níbi tí ti àkọ́kọ́ dé dúró. Ó padà sẹ́yìn, ó tún ìtàn Faith bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó jáde kúrò ní ẹ̀wọ̀n àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n gba ìbọn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Wọ́n sì ṣí ìlú sílẹ̀ gbayawu, tí ó fi jẹ́ pé dípò ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n ti là sílẹ̀, ẹni tí ń gbá a lè yan ọ̀nà tí ó wù ú láti òrùlé dé òrùlé.

Báwo ni wọ́n ṣe gbà á? Àwọn lámèyítọ́ ní ìrìn àti ìsáré rẹ̀ dùn ju ti ìṣáájú lọ, wọ́n ní ìlú náà rẹwà, wọ́n yin orin tí Solar Fields kọ sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìtàn rẹ̀ kò ní iyọ̀, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò wọ ni lọ́kàn, iṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n sì tú ká inú ìlú náà jọ ara wọn jù. Metacritic, tí ó máa ń kó máàkì àwọn lámèyítọ́ jọ tí í sì í wá àárín wọn, fún géèmù àkọ́kọ́ ní nǹkan bí 80 nínú 100. Ó fún èkejì ní nǹkan bí 70. Máàkì 70 yìí ni ó rin ìrìn àjò dé ẹnu olóhùn ẹ̀yìn ní Mushin.

Kí a wo irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ dáradára. Bí lámèyítọ́ kan bá fún géèmù kan ní 90 nítorí pé ó fẹ́ràn sísáré, tí ẹnì kejì fún un ní 50 nítorí pé ìtàn ni ó ń wá, àárín wọn ni 70. Ta ni ó wá sọ pé 70 ni? Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́. Ẹni méjì jókòó sídìí oúnjẹ, ọ̀kan yó, ọ̀kan kò rí jẹ, wọ́n wá kéde fún ará ìta pé àwọn méjèèjì yó dé ìdajì. Ẹni tí ó fẹ́ràn sísáré ni ìkéde náà ṣì lọ́nà jù, nítorí òun gan-an ni ì bá gbádùn géèmù náà.

Èyí kò túmọ̀ sí pé àwọn lámèyítọ́ kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Lórí ọ̀rọ̀ ìtàn, wọ́n jàre. Ẹ̀sùn mìíràn sì wà tí ó tún lágbára ju ti ìtàn lọ. Àwọn ọgbọ́n ara kan tí Faith ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ géèmù àkọ́kọ́, irú bíi kíká ẹsẹ̀ sókè nígbà tí ó bá ń fò, wọ́n tì wọ́n mọ́lé nínú èkejì, wọ́n ní kí ẹni tí ń gbá a kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kí ó tó rí wọn gbà. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí ọmọ tí ó ti ń sáré padà lọ máa rá, kí ó lè mọyì ìdìde. Ẹni tí ó fi ọdún mẹ́jọ retí géèmù kan ní ẹ̀tọ́ láti bínú sí irú ìyẹn.

Ibi tí ìdájọ́ wọn ti wọ́ ni ibi tí wọ́n gbé gbé èkíní ka iwájú gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n. Ní ọdún 2008, ẹ̀sùn ni pé géèmù náà kúrú, pé ọ̀nà rẹ̀ há, pé ìbọn kò yẹ ẹ́. Ní ọdún 2016 àwọn tí wọ́n ṣe é ti mú un gùn, wọ́n ti la ọ̀nà, wọ́n ti gba ìbọn kúrò. Ẹ̀sùn wá di pé ó gbòòrò jù, pé àkọ́kọ́ tí ó há yẹn ni ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Òótọ́ lè wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, nítorí pé ohun tí ó fẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó kún. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ ti fọ àbùkù àkọ́kọ́ dànù lọ́kàn àwọn ènìyàn, ìfẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó kù. Ìwọ̀n wo ni èkejì yóò wá ní tí yóò fi wúwo tó ohun tí a ń rántí?

Ọ̀rọ̀ èkejì kò sì le tó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Táíwò ni ó kọ́kọ́ dé, síbẹ̀ Kẹ́hìndé ni wọ́n ń pè ní ẹ̀gbọ́n, nítorí pé òun ni ó rán Táíwò pé kí ó lọ tọ́ ayé wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Catalyst: òun ni ó jáde kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn Faith ni ó padà lọ sọ. D. O. Fágúnwà sì ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, tí Àkàrà-ògùn jẹ́ akọni rẹ̀. Nígbà tí Igbó Olódùmarè tẹ̀ lé e ní ọdún 1949, Fágúnwà kò tẹ̀ síwájú. Ẹ̀yìn ni ó padà sí, ó lọ sọ ìtàn Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ògùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka ìwé kejì yìí kìkì láti wá Àkàrà-ògùn kiri inú rẹ̀ yóò pàdánù púpọ̀, ẹ̀bi náà kò sì ní í jẹ́ ti òǹkọ̀wé.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a fojú fò. Nígbà tí Kẹ́mi Adétìba mú King of Boys jáde ní ọdún 2018, tí apá kejì rẹ̀, The Return of the King, sì dé sórí Netflix ní ọdún 2021 ní ìsọ̀rí méje, àwọn ènìyàn Èkó kò yá ìdájọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n wò ó fúnra wọn. Wọ́n yin Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé tí ó ṣe Ẹniọlá Sàlámì. Ọ̀pọ̀ ni ó sì kùn pé apá kejì falẹ̀. Bí lámèyítọ́ kan bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ nípa rẹ̀, ará Surulere lè já a nírọ́, nítorí pé ó gbọ́ èdè náà, ó mọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ó sì mọ ojú pópó tí ọkọ̀ ń gbà kọjá. Àríyànjiyàn gidi ni wọ́n jà, olúkúlùkù pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Lórí géèmù ni ìgboyà yìí ti ń yọ lára wọn, bí ẹni pé ẹ̀rọ òkèèrè kò ṣe é dá lẹ́jọ́ láti Mushin. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó bá ti gun òrùlé páànù rí láti lọ mú bọ́ọ̀lù ní ohun tí yóò sọ nípa eré fífò, ohun tí ẹni tí kò gùn ún rí kò lè sọ. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ọ̀rọ̀ yìí lọ gun páànù. Faith lè kú kí ó tún jí.)

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìgbádùn nìkan. Ní ọdún 2011 ni wọ́n ṣí Co-Creation Hub ní Yaba, láti ìgbà náà sì ni Yaba ti di ibi tí a mọ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà dá nǹkan. Ní ọdún 2012 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Maliyo Games sílẹ̀ ní Èkó, tí ó ń ṣe géèmù tí ìgbé ayé ilẹ̀ Áfíríkà wà nínú rẹ̀. Ìdájọ́ kan náà ni yóò wá kan irú àwọn wọ̀nyí. Bí ọlọ́kọ̀ kan bá gbé mọ́tò rẹ̀ lọ bá mẹkáníìkì ní Ládípọ̀, tí ó ní, “Ọ̀gá, mo fún mọ́tò mi ní 70,” kí ni mẹkáníìkì yóò fi ìyẹn ṣe? Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìró ni tàbí èéfín, bóyá ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí mọ́tò bá gbóná tàbí nígbà tí ó bá tutù. Ọmọ tí ó lè wí pé, “Fífò rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí n fò,” wúlò fún ẹni tí ń ṣe géèmù ní Yaba ju ẹgbẹ̀rún máàkì lọ. Ojú tí ń rí ìyẹn kì í ti ara ìròyìn wá. Ọwọ́ tí ó di páàdì mú ni ó ń la ojú náà.

Owó tí ọmọ náà san kì í ṣe owó ńlá, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ni, ó sì lè jẹ́ pé owó ọkọ̀ ni ó fi pamọ́, tí ó fẹsẹ̀ rìn wálé láti ilé ìwé. Ìdajì wákàtí ni ó rà. Bí bùrọ̀dá bá ti fi géèmù náà sí i, yóò jábọ́ lórí ilé kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn tí ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì gbàgbé àríyànjiyàn, wọn yóò máa kígbe pé kí ó sá eré díẹ̀ sí i kí ó tó fò. Ní ìgbà kẹrin yóò fò ó já. Olóhùn ẹ̀yìn yóò ti na ọwọ́, yóò ní kí ó gbé páàdì wá, kí òun náà gbìyànjú rẹ̀ wò.