Dandan Orúkọ Kọ́ ni Oògùn Èébú

Sí Olóòtú,

Àròkọ tí ó jáde nínú ìwé ìròyìn yín, èyí tí ó ní kí ìjọba fi òfin de ẹni tí ó bá ń kọ̀wé sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìdárúkọ ara rẹ̀, tọ̀nà ní ti pé èébú àti irọ́ ń ba ayé ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́, ṣùgbọ́n ó gbójú fo ẹ̀kọ́ Kòríà Gúúsù.

Ní 2007, òfin ibẹ̀ pàṣẹ pé kí àwọn ìkànnì ńlá máa fi nọ́ńbà ìdánimọ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí ìjọba fún ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan, mọ ẹni tí ó ń kọ̀wé síbẹ̀. Ewu kíkó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ hàn ní 2011, nígbà tí àwọn olè orí kọ̀ǹpútà jí àkọsílẹ̀ nǹkan bí mílíọ̀nù 35 oníbàárà ní ilé-iṣẹ́ SK Communications. Nígbà tí ó di 2012, ilé-ẹjọ́ tí ó ń tú òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè náà fi ohùn kan wọ́gi lé òfin yìí, nítorí pé kò sí ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ àìtọ́ dínkù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé ń sá lọ sí ìkànnì ilẹ̀ òkèèrè.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òṣìṣẹ́ tí ó ń tú àṣírí olè ọ̀gá rẹ̀ nílò ààbò àìdárúkọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ kí a wá abanijẹ́ rí, láìjẹ́ pé a sọ gbogbo ìlú di afurasí.

Òǹkàwé yín kan