Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Tí Ó Ń Gbóná

Ní Igbó Ẹfọ̀n tí mò ń gbé, eruku ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ kì í yé wọlé. Ó máa ń dí ojú fáànù kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ a sì gbóná janjan. Bí kọ̀ǹpútà àtijọ́ yín bá ń kú lójijì, tí ó ń sọ pé RAM, ibi tí ó ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lé, ti ṣàṣìṣe, ẹ má ṣe sáré náwó ní Computer Village, Ìkẹjà. Ooru lè mú kí RAM tí ara rẹ̀ le ṣàṣìṣe. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ ilé-ìwé àwọn ọmọ àti fọ́tò ẹbí sínú fláàṣì. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku rẹ̀. Nígbà tí ó bá tutù, ẹ fi MemTest86 yẹ RAM wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá ṣì ń ṣàṣìṣe nínú ihò méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹ mú un dání lọ sọ́jà, nítorí ihò DDR3 kò gba DDR4.