Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ fún wa pé rárá

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ̀ ń kọ kóòdù, ọ̀rọ̀ Go yìí o. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí ẹni tó ń bínú pé àwọn tó ń bójú tó èdè náà lágídí, wọn kì í fẹ́ fi nǹkan tuntun kún un. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ rárá.

Mo mọ ohun tó ń bí yín nínú: `if err != nil`. Iṣẹ́ kékeré, ẹ ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ó sú èmi náà. Ṣùgbọ́n ní 2019, àwọn alábòójútó yìí fúnra wọn ló gbé àbá kan wá, try, tó máa gé e kúrú. Àwọn tó ń lo Go gan-an ló fárígá! Wọ́n ní function á lè parí láàárín ìlà kan báyìí, kí ojú ẹni tó ń kà á má sì rí i. Bí wọ́n ṣe ká a kúrò nílẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí àwa tá à ń bèèrè kì í rò nìyí: ọ̀nà tuntun kì í lé ọ̀nà àtijọ́ lọ. Kóòdù àná ṣì wà níbẹ̀, ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ kà á. Tí ọ̀nà bá di méjì, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ á kọ́ méjèèjì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ á sì máa jà lórí èyí tẹ́ ẹ máa lò.

Generics ńkọ́? Láti 2009 tí Go ti jáde làwọn èèyàn ti ń bèèrè ẹ̀. Oṣù Kẹta 2022, nínú Go 1.18, ló tó wọlé. Ibí yìí ni mo ti gbà fún yín, ó pẹ́ jù jàre. Èèyàn á kọ function kan fún int, á tún un kọ fún string. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n fi àkókò yẹn ṣe. Àbá tí wọ́n gbé jáde ní 2018 mú nǹkan kan wá tó ń jẹ́ contracts. Ó jọ interface jù, àwọn èèyàn ò mọ ìyàtọ̀ wọn. Wọ́n jù ú nù, wọ́n sì lo interface tí gbogbo wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Generics wá wọlé bí ọmọ ilé.

Ẹ̀yin ará Python, ẹ má rẹ́rìn-ín o. 2008 lẹ sọ print di function, pẹ̀lú àwọn àtúnṣe mìíràn, 2020 ni wọ́n tó pa Python 2 tì.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ kọ àbá sí wọn, kó kọ́kọ́ lọ ka ìjiyàn try yẹn. Ó gùn gan-an, ẹ wá gúgúrú sọ́wọ́.